Omi Tó Sá Pamọ́ Sábẹ́ Dẹ́ẹ̀kì: Bí A Ṣe Ń Wá A Rí, Tí A Sì Ń Lé E Kúrò Nínú Ọkọ̀ Ẹja

Odidi sáà ìpẹja kan ni mo fi náwó sórí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀ mí. Ọkọ̀ fáíbà ni ọkọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 23, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló ń tì í, etí omi Ìlàjẹ ní Bàríga la sì máa ń so ó mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, kí a tó rìn jìnnà sí Afárá Third Mainland, imú rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, á máa yọ̀ lórí ọ̀sà bí ẹni tí wọ́n fi ọṣẹ pa lábẹ́. Ìgbà tó yá, imú á gbé sókè, kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Epo tó ń gbé wa lọ sí ẹnu òkun, tó ń gbé wa bọ̀, kò kájú ìrìnàjò náà mọ́. Mo fọ kábúrétọ̀. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Mo ra pùròpẹ́là tuntun.

Bàbá arúgbó kan tó ń kan ọkọ̀ ló kọjá lọ́jọ́ kan tí a wọ́ ọkọ̀ sórí yanrìn. Ó fi ìdí òòlù kan dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ nínú ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò mí títí.

"Ọmọ mi, kí lẹ máa ń gbé nínú ọkọ̀ yìí?"

"Ẹja ni, Bàbá. Àwọ̀n, yìnyín, àti epo wa."

"Irọ́ ni. Omi lẹ̀ ń gbé kiri."

Lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlá ni omi tó jáde lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì náà kún. Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe, ni mo kọ síbí fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n ti fi dẹ́ẹ̀kì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Ọkọ̀ onígi gbalasa kò nílò rẹ̀: ojú la fi ń rí omi tirẹ̀, igbá la fi ń gbọ́n ọn.

Ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ fojú kéré rẹ̀

Lítà omi kan, kìló kan ni. Omi òkun tilẹ̀ fi díẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní àyè abẹ́ dẹ́ẹ̀kì yín gùn ní mítà 4, ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Bí omi inú rẹ̀ bá ga ní sẹ̀ntímítà 10 péré, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka àárín ọwọ́ lọ, lítà 400 nìyẹn. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ lẹ kó sínú ọkọ̀ kí ẹ tó gbé àwọ̀n kan ṣoṣo wọlé.

Ìwúwo nìkan kọ́ ló sì léwu níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì máa ń jókòó síbi tí a bá gbé e sí. Omi kì í jókòó. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń já ewé sójú omi kí wọ́n tó gbé e rù, kí ó má baà máa ru dà sí wọn lára. Omi abẹ́ dẹ́ẹ̀kì kò ní ewé lójú. Bí ìgbì bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á wọ́ lọ sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń tẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó padà nàró á máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lórí ọ̀sà tó parọ́rọ́, ẹ lè má fura rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Commodore Channel, ọ̀nà tó so ọ̀sà Èkó mọ́ òkun, jáde, tí ẹ dé ẹnu òkun nígbà tí omi ń fà, níbi tí omi tó ń sáré jáde ti ń forí gbárí pẹ̀lú ìgbì tó ń wọlé, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ tí kò bá yín pín owó epo.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlà. Ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù, tó dúró jẹ́ẹ́, ní ibi tí omi máa ń dé lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá dá yín lójú pé inú rẹ̀ gbẹ, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín sí ọ̀tún, sí òsì, àti sí ìdí ọkọ̀. Bí ìlà ìdí bá rì tí ti ẹ̀gbẹ́ kò rì, ẹ̀yìn ni omi kó jọ sí. Bí ọ̀tún bá rì ju òsì lọ, ọ̀nà tó ń gbà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ti dí. Ìlà mẹ́ta yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ká ní mo ti fà á látilẹ̀ ni, mi ò bá má ra pùròpẹ́là.

Lẹ́yìn náà, òòlù. Ìdí rẹ̀ tó jẹ́ igi ni kí ẹ lò, kì í ṣe orí irin. Ẹ máa kan dẹ́ẹ̀kì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti imú ọkọ̀ dé ìdí, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ara wọn. Ibi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ á dún bí àpótí òfìfo. Ibi tí omi wà, tàbí tí fóòmù tó ti mu omi yó wà, á dún bí ìgbà tí a lu àpò gàrí: kò ní dáhùn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká bí ẹ ti ń lọ. Nígbà tí ẹ bá parí, àwòrán ibi tí àìsàn wà ti wà lójú dẹ́ẹ̀kì nìyẹn, ẹ fi fóònù yà á pamọ́ nítorí òjò lè fọ ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ tún fi gìgísẹ̀ tẹ ojú dẹ́ẹ̀kì. Ibi tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, pákó abẹ́ rẹ̀ ti ń jẹrà. Bí ọkọ̀ bá sì wà lórí yanrìn, tí ẹ gbé imú rẹ̀ sókè, tí omi ń sun láti ihò sìkúrù tó wà lẹ́yìn, ẹ má wá ẹ̀rí kankan mọ́.

Kí ẹ tó gbé irin kankan

Ìpín yìí kúrú, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Èéfín pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí táǹkì tàbí rọ́bà epo bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀, abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ni èéfín rẹ̀ máa lọ jókòó sí, á sì máa retí ẹni tó máa tan iná. Gíráíńdà tó ń ta iná, dírìlì onímọ́tò, sìgá, gbogbo wọn ló lè dáná sí i. Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì kúrò, ẹ gbé táǹkì epo sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣí, kí atẹ́gùn fẹ́ wọ inú rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Bí òórùn pẹtiróòlù bá ṣì wà, ẹ má tan nǹkan kan. Dírìlì tí à ń fọwọ́ yí ni kí ẹ fi dá ihò àkọ́kọ́.

Bí ọkọ̀ yín bá tóbi débi pé ènìyàn lè wọ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibi tí wọ́n ti dé pa fún ìgbà pípẹ́. Ẹja àti igi tó ń jẹrà máa ń jẹ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú tán, èyí tó bá sì jáde lára wọn lè pa ènìyàn kí ó tó ké. Ẹni tó bá sáré wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́ ló sábà máa ń di òkú kejì.

Ẹ fà á jáde, ẹ sì bi í léèrè

Ẹ dúró de ìgbà tí omi bá kún, kí ẹ wọ́ ọkọ̀ gòkè lórí táyà tàbí igi róbótó. Ẹ gbé imú sókè ju ìdí lọ, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ọkọ̀ bá ní ihò ìdí tó ní èdídí, ẹ ṣí i. Bí kò bá ní, tàbí tí èyí tó ní kò dé abẹ́ dẹ́ẹ̀kì (ọ̀pọ̀ ni kò dé ibẹ̀, omi ojú dẹ́ẹ̀kì nìkan ló ń gbà jáde), ẹ ní láti dá ihò tuntun. Ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ ti dá a, lára pákó tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ mọ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní àárín, díẹ̀ lókè ibi tí ìpìlẹ̀ ọkọ̀ wà. Ẹ má dá ihò sí ikùn ọkọ̀ láéláé. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó yá, omi jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òkun ń gbà kí i láti ọjọ́ náà.

Ẹ gba omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ kà á. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ dúdú kan, ẹ wò ó.

Bí ó bá ń tàn yanranyanran bí àwọ̀ òṣùmàrè, epo ń jò. Bí ó bá pọ́n bí omi àgbo, igi ti ń jẹrà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ọjà ẹja nírọ̀lẹ́, omi tí ẹ fi ń fọ ojú dẹ́ẹ̀kì àti yìnyín tó yọ́ ló ń wọlé. Ẹ wá gbé abọ́ náà sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Bí iyọ̀ funfun bá kù nídìí rẹ̀, omi abẹ́ ọkọ̀ tàbí ti ìgbì ni. Bí kò bá sí iyọ̀, ó lè jẹ́ òjò. Ẹ ṣọ́ra níbí o: láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni ọ̀sà Èkó máa ń ní iyọ̀ gan-an, bí òjò bá ti rọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, tí odò Ògùn àti àwọn yòókù bá ti ya wọ inú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ máa ń dínkù débi pé abọ́ náà lè tàn yín. Ẹ má gbé e lé iná kí ó lè tètè gbẹ. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wá ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá yẹn, inú mi dùn, mo ra gọ́ọ̀mù, mo fi dí gbogbo ibi tí mo fura sí lójú dẹ́ẹ̀kì, mo pe oníṣẹ́ fáíbà kan kí ó fi máàtì (aṣọ okùn fáíbà) lé ibi tó rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, máàtì tó lé ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí orí igi tútù ló lé e sí. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ti tún wúwo. Mo fi ètè sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé kò pọ̀, ó kàn ń fara pamọ́ ni. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ihò tí wọ́n fi sìkúrù dá sójú dẹ́ẹ̀kì: ẹsẹ̀ ìjókòó, ẹsẹ̀ àpótí yìnyín, òrùka tí à ń so okùn mọ́. Kò sí ẹni tó ń lu sìkúrù sínú òrùlé láì fi nǹkan dí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ wọ́n á lù ú bẹ́ẹ̀. Ìkejì ni páìpù tí wáyà àti okùn ìdarí ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Ẹnu rẹ̀ sábà máa ń là sílẹ̀ nídìí ọkọ̀, nísàlẹ̀ ibi tí omi máa ń ta dé bí ẹ bá dín eré kù lójijì. Ìkẹta ni rọ́bà tó ń gbé omi ojú dẹ́ẹ̀kì jáde. Abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ló ń gbà kọjá, bó bá sì là, gbogbo omi tó yẹ kó gbé jáde abẹ́ ni yóò dà á sí. Ihò àwọn bóòtù, irin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀, wà nínú wọn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó kan abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àwa tí à ń wọ́ ọkọ̀ lórí yanrìn lójoojúmọ́, eegun abẹ́ ọkọ̀ wa máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ìdí bàtà, títí máàtì á fi hàn, tí omi á sì máa gba inú okùn fáíbà wọlé. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tó bá ṣì ń sun omi lẹ́yìn ọjọ́ méjì lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ yí i ká.

Àyẹ̀wò méjì ló wà tí kò náni lówó. Ọ̀kan ni ti búlúù ìfọṣọ. Ẹ pò ó mọ́ omi inú báàkẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á sójú dẹ́ẹ̀kì ní apá kan ṣoṣo, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ wo ohun tó ń jáde ní ihò ìdí ọkọ̀. Bí kò bá ní àwọ̀, ẹ bọ́ sí apá mìíràn. Ẹ má dà á sí gbogbo dẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Báyìí la ṣe rí tiwa: sìkúrù mẹ́rin tó de àpótí yìnyín mọ́lẹ̀. Ihò tí kò tó ìka ọmọdé ló gba omi yìnyín àti omi ẹja wọlé fún ọdún méjì.

Èkejì ni ti ọṣẹ. Ẹ dí gbogbo ihò, ẹ fi rọ́bà sí ihò ìdí ọkọ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ fáànù kékeré tàbí ẹnu lásán fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, bí ẹlòmíràn ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa ìfófò ọṣẹ sí gbogbo orípàdé àti ihò sìkúrù. Ibi tó bá ń ru ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ẹ má gbé e lọ bá fọkanáísà o. Afẹ́fẹ́ tó ń wú táyà máa ń ṣí dẹ́ẹ̀kì kúrò lára ọkọ̀.

Ẹ ṣí i, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ní sùúrù fún un

Bí omi bá kéré, tí igi kò tíì jẹrà, ihò àyẹ̀wò méjì ti tó: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí atẹ́gùn lè wọlé níhìn-ín kó jáde lọ́hùn-ún. Èyí tó ní ìdérí oníke tí à ń yí, tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 15, dára. Ọwọ́ á wọ inú rẹ̀. Bí igi bá ti jẹrà, ẹ gé dẹ́ẹ̀kì níbi tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ká, ẹ gé e gígùn, kí ẹ lè dá a padà bí ó ṣe rí. Ẹ ṣàtúnṣe abẹ gíráíńdà kí ó má wọlé ju bí dẹ́ẹ̀kì ṣe nípọn lọ.

Lábẹ́ ibẹ̀, ẹ ó rí àwọn igi gbọọrọ tó gbé dẹ́ẹ̀kì ró, tí wọ́n fi fáíbà bò. Ẹ fi ṣọ́ńṣọ́ irin gún wọn. Èyí tó bá wọlé láìjanpata ti lọ. Lẹ́sẹ̀ igi wọ̀nyí ló yẹ kí ihò kékeré wà kí omi lè máa ṣàn lọ sí ìdí ọkọ̀; ẹ ó rí i pé wọ́n ti dí pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja, yanrìn àti òwú àwọ̀n, tàbí pé ẹni tó kan ọkọ̀ kò tilẹ̀ dá wọn rárá.

Fóòmù ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń dà, tó máa ń wú fúnra rẹ̀, kò yẹ kó mu omi, ṣùgbọ́n bó bá wà nínú omi fún ọdún mélòó kan, tí ọkọ̀ sì ń jó lórí ìgbì, á mu ún. Gbígbẹ rẹ̀ kò ṣeé ṣe. Èyí tó bá ti tutù, ẹ gé e kúrò. Mo ti bá fóòmù bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ kan rí, ẹ jọ̀wọ́, kàn-ìn-kàn-ìn ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi bọ́họ̀lù fọ inú rẹ̀ dáadáa, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé a tún ń fi omi kún omi. Iyọ̀ ni à ń lé. Iyọ̀ tó bá kù lára igi á máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ inú ike ṣe máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, ibẹ̀ kò sì ní gbẹ láé.

Wàyí o, gbígbẹ rẹ̀. Nínú ọyẹ́, láti ìparí oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ méjì lè tó. Nígbà òjò, ẹ fi tapólínì ṣe òrùlé sí i, ẹ gbé fáànù kọjú sí ihò iwájú, ẹ jẹ́ kí ihò ẹ̀yìn là sílẹ̀, kí ẹ sì ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún. Ìwọ̀n ọjọ́ kọ́ ló ń sọ pé ó ti gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara, tó fẹ̀ bí ojú ìwé, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ igi náà nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá jí, tí ìrì wà nínú ọ̀rá náà, kò tíì gbẹ. Àbúrò mi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọ̀rá tó mọ́. Ó ń bínú sí mi ní gbogbo ìgbà náà, ṣùgbọ́n mo ti sanwó fún máàtì tó ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, mi ò ní sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúnṣe

Ìhò sìkúrù ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló pọ̀ jù. Fífi gọ́ọ̀mù sí orí sìkúrù kò tó. Bí sìkúrù bá nípọn ní mìlímítà 5, ẹ fẹ ihò náà sí mìlímítà 10 tàbí 12, ẹ fi epoxy (àtè olómi méjì tí à ń pò pọ̀ kí ó lè gan) tí ẹ pò mọ́ ìyẹ̀fun igi kún un títí dé ojú, ẹ jẹ́ kó gan. Ọjọ́ kejì, ẹ wá dá ihò tuntun sí àárín rẹ̀. Báyìí, epoxy ni sìkúrù ń jẹ, kò kan igi mọ́. Bí omi bá tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ sìkúrù wọlé, kò ní rí igi mu. Gọ́ọ̀mù polyurethane tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ wá fi sábẹ́ orí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ojú fèrèsé kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Fún ibi tí fáíbà ti jẹ tàbí tó là, ẹ fi gíráíńdà fá etí rẹ̀ kí ó dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ni méjìlá sí ẹyọ kan: bí fáíbà bá nípọn ní mìlímítà 5, ẹ fá a gbòòrò tó sẹ̀ntímítà 6 yíká. Máàtì kékeré ni à ń kọ́kọ́ lé, tí èyí tó tóbi á tẹ̀ lé e. Epoxy máa ń lẹ̀ mọ́ polyester (rẹ́sìn, ìyẹn àtè olómi tó ń gan, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà) dáadáa, ṣùgbọ́n polyester kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ epoxy. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti fi epoxy ṣe, epoxy ni kí ẹ máa bá a lọ.

Ẹni tó bá ń lo rẹ́sìn polyester tí wọ́n ń tà lọ́jà kẹ́míkà bíi ti Òjótà, ó máa gba catalyst, èyí tó ń mú kí rẹ́sìn gan, pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lè gba accelerator, èyí tó ń mú kí gígan náà yá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má da catalyst àti accelerator pọ̀ mọ́ra wọn láéláé, wọ́n lè bú gbàmù lójú yín. Accelerator ni kí ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ rẹ́sìn títí kò fi hàn mọ́, kí catalyst tó wọ ibẹ̀. Catalyst kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 10 sí 20 lọ fún kìló rẹ́sìn kan. Nínú oòrùn Èkó, ẹ súnmọ́ 10, ẹ ṣe iṣẹ́ náà láàárọ̀, ẹ sì pò ó ní kékeré kékeré, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú ike kan máa ń gbóná débi tó fi ń yọ èéfín. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ̀kán catalyst kan ṣoṣo lè fọ́ ojú. Bó bá ta sí i, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 láìdúró, ibẹ̀ lẹ ó ti gba ilé ìwòsàn lọ.

Igi tó jẹrà, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ fi rẹ́sìn mu gbogbo ojú rẹ̀ àti ẹnu ibi tí ẹ ti gé e kí ó tó wọlé. Ẹ dá ihò ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi rẹ́sìn mu inú ihò náà pẹ̀lú. Ihò tí a kò fi rẹ́sìn mu ni igi tuntun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mumi.

Kí ẹ tó dé e padà

Àwọn oníṣẹ́ kan á sọ fún yín pé dẹ́ẹ̀kì tó dára kò ní ihò kankan, pé kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n fi fóòmù kún un, kò ní rì láé. Mo ti gbọ́ ọ. Èmi kì í gba ọkọ̀ tí n kò lè wo inú rẹ̀ mọ́. Gbogbo yàrá tó bá wà lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí ọwọ́ lè ṣí, àti ọ̀nà tí omi lè gbà dé ihò ìdí ọkọ̀.

Fún ohun tí kò ní jẹ́ kó rì, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pinpin ni mo fẹ́. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan á gbé tó nǹkan bíi kìló 24 ró nínú omi. Ẹ dè wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa kí wọ́n má máa yí, ẹ pín wọn dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì. Bí ìdérí bá ṣí, ẹ lè yọ wọ́n, kí ẹ gbọn omi wọn nù. Ẹ ò lè gbọn fóòmù. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, ẹ má lò ó níbi tí epo lè dé: pẹtiróòlù máa ń yọ́ ọ bí ìgbà tí a da omi gbígbóná sórí ṣúgà, rẹ́sìn polyester náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì dára. Èyí tí wọ́n kọ 1100 sí lára, wọ́n ń sọ pé ó lè fa gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 1,100 ní wákàtí kan, ìyẹn ju lítà 4,100 lọ. Bó bá di pé ó ń ti omi gòkè nínú rọ́bà, á dínkù. Ibi tó jìn jù lẹ́yìn ni kí ẹ gbé e sí. Ẹnu rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á tọ ọ̀nà tí wọ́n lé e gbà jáde padà wọlé. Orípàdé wáyà kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀, fíúsì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì. Kí ẹ sì tún ní igbá nínú ọkọ̀, torí bátìrì kì í sọ ọjọ́ tó máa kú.

Níkẹyìn, èdídí ihò ìdí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ihò tí ẹ dá láti lé omi jáde ni ihò tí omi máa gbà wọlé bí ẹ bá gbàgbé. Ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 2.5, tó wà ní sẹ̀ntímítà 30 nísàlẹ̀ ojú omi, máa ń gba nǹkan bíi lítà 40 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ẹ̀gì kan á ti kún kí ẹ tó tú okùn ọkọ̀ tán. Ẹ ra èdídí méjì, èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe ni kí ẹ rà kí ó má baà dípẹtà, kí ẹ so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì. Nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá ti gòkè sórí yanrìn, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó sun, kí ẹ wo iye tó jáde: tiwa kì í ju ife tíì kan lọ báyìí. Lọ́jọ́ tó bá pé ife mẹ́ta, mi ò ní dúró de Bàbá, búlúù wà nínú àpótí.